Bí A Ṣe Ń Kọ́ Òṣìṣẹ́ Rélùwéè ní Àgbádárìgì Ní Ohun Tí Wọn Ó Ṣe Bí Ìjàǹbá Bá Ṣẹlẹ̀

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń kó èrò láàrin Marina àti Mile 2, ìrìn kìlómítà 13. Apá kejì rẹ̀, tó ń lọ sí Okokomaiko, ẹ̀gbẹ́ títì Àgbádárìgì ló gbà. Ọ̀dọ́ Ajara, Ibereko, Topo àti Mowo tó bá ń wá iṣẹ́ lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀: gáàdì, ẹ̀ṣọ́, ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń gbálẹ̀ ibùdókọ̀. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó bá fẹ́ kó irú wọn jọ, kó sì kọ́ wọn ní ohun tí wọn ó ṣe bí ọkọ̀ bá yẹ̀ lójú irin, bí iná bá sọ, tàbí bí ọkọ̀ bá gbá mọ́tò. Kò sí ojú irin ní ìlú Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kan, lọ́rì kan, okùn àti bẹ́ǹṣì ti tó.

Panápaná yóò dé, áńbúláǹsì yóò dé. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń gba títì Àgbádárìgì ló mọ ohun tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ lè ṣe fún ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ wá gbani là. Kí wọ́n tó dé, ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó wà nínú ọkọ̀ àti ní ibùdókọ̀ ni ẹ̀mí èrò wà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé àánú máa ń ti ènìyàn síbi tí kò yẹ. Ẹni tó bá rí ẹlẹ́jẹ̀ nílẹ̀ á fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lọ gbé e. Bí iná bá ṣì wà lára irin, tàbí tí ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lójú irin kejì, òkú á di méjì. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìíní, ẹ tẹ èyí mọ́ wọn létí: dá ọkọ̀ yòókù dúró, jẹ́ kí wọ́n pa iná, sọ ibi tí o wà, lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó fọwọ́ kan ẹni tó fara pa.

Ṣíṣètò pápá

Ẹ na okùn funfun méjì sílẹ̀, kí gígùn wọn tó mítà 60, kí àyè àárín wọn sì jẹ́ mílímítà 1,435. Ìwọ̀n yìí ni ojú irin Blue Line àti ti Èkó sí Ìbàdàn tuntun. Ojú irin àtijọ́ tí ìjọba àwọn òyìnbó ṣe jẹ́ 1,067. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi téèpù wọ̀n ọ́n fúnra wọn. Ẹ na okùn méjì mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ojú irin kejì, kí àárín àkọ́kọ́ sí àárín ìkejì tó mítà 4. Okùn yẹ́lò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin kọ̀ọ̀kan ni yóò dúró fún irin kẹta, èyí tó ń gbé iná fún ọkọ̀. Ẹ so ó mọ́ èèkàn, kó ga díẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí ẹsẹ̀ aláìfarabalẹ̀ lè kọ́ ọ.

Ẹ to bẹ́ǹṣì sórí okùn bí ìjókòó kóòṣì, ìyẹn yàrá èrò kan nínú ọkọ̀ ojú irin: gígùn rẹ̀ bíi mítà 20, ìbú rẹ̀ bíi mítà 3. Lọ́rì ni ẹ óò fi kọ́ wọn bí èrò ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ní ibùdókọ̀, ilẹ̀ kóòṣì àti ibi tí èrò dúró sí dọ́gba. Bí ọkọ̀ bá dúró sí àárín ọ̀nà, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ilẹ̀ lè ju mítà 1 lọ, bí ẹ̀yìn lọ́rì ṣe máa ń ga nìyẹn. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ síbi tí ẹsẹ̀ yóò bà, nítorí òkúta ló máa ń wà lábẹ́ irin, ó sì máa ń yí ènìyàn lẹ́sẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ 20 ló pọ̀ jù fún ìdánrawò kan. Ẹ wá bíi 15 tí yóò ṣe èrò, kí ẹ sì so káàdì mọ́ ọrùn wọn: iye ìgbà tó ń mí ní ìṣẹ́jú kan, bóyá ó lè rìn, bóyá ó ń dáhùn, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Tòmátò alágolo tí a pò mọ́ omi tó fún ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi adití kan sí i, ìyá ọlọ́mọ kan, bàbá arúgbó kan tó ń lo ọ̀pá, àti ìyá kan tó ra ẹja àti àgbọn ní ọjà Agbalata tó ní òun kò ní fi ẹrù òun sílẹ̀. Ẹ ní kí àwọn mélòó kan máa pariwo gan-an, kí àwọn tí káàdì wọn burú jù sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí: ẹni tó ń ké ń mí, ẹni tó dákẹ́ ni kí a kọ́kọ́ wò.

Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ sọ fún ọlọ́pàá, ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba, ààfin, àti àwọn ìyálọ́jà tó sún mọ́ pápá. Bí ariwo bá ta lójijì tí aṣọ ènìyàn sì pupa, ará àdúgbò yóò ya wọ pápá, ìròyìn òfegè á sì ti gba orí fóònù ká kí ẹ tó dúró.

Irin kẹta

Ẹ lo àkókò dáadáa níbí. Ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn ń lo dísù, ṣùgbọ́n ti Blue Line ń fa iná láti ara irin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Irin náà kì í hó, kì í tàn, kò sì gbóná lójú. Iná ara rẹ̀ ju ti inú ilé lọ fíìfíì. Àwọn ohun mẹ́rin kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣì gbọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ tú wọn palẹ̀ fún wọn.

Àkọ́kọ́, pé awakọ̀ ti pa ọkọ̀ kò túmọ̀ sí pé iná ti kúrò lára irin. Ìkejì, pé gílóòbù inú kóòṣì ti kú kò fi nǹkan kan hàn. Ìkẹta, igi gbígbẹ tàbí aṣọ tí a wé mọ́ ọwọ́ kì í ṣe ààbò, pàápàá nígbà òjò, tí gbogbo nǹkan ti rin. Ìkẹrin, kí iná lọ kì í ṣe pé kò ní padà dé: bí wọ́n bá pa á ní apá kan, ọkọ̀ tó dúró sórí ibi tí apá méjì ti pàdé lè fi bàtà rẹ̀, irin tó ń fa iná, gbé e láti apá kan sí èkejì.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ pé iná ti kú: ẹni tó wà ní yàrá kóńtíróòlù, níbi tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀ àti iná ojú irin. Ó gbọ́dọ̀ sọ orúkọ rẹ̀, apá ojú irin tí wọ́n pa, àti aago tí wọ́n pa á. Òṣìṣẹ́ yóò tún un kà fún un lẹ́sẹẹsẹ, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ da omi sí iná tó ń jó lábẹ́ ọkọ̀. Bí irin bá ti gbé ènìyàn, ẹ má fà á. Pè, dúró, gbọ́ ìdáhùn, lẹ́yìn náà kí o lọ. Ó ń dun ni láti dúró wo ènìyàn báyìí, ẹ sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu nínú kíláàsì, kó má bàa jẹ́ pé ojú irin ni wọn yóò ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Lórí pápá, òfin kan ló ń kọ́ wọn ju àlàyé lọ: ẹni tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀ bá kan okùn yẹ́lò kí kóńtíróòlù tó fọwọ́ sí i, ibi tó wà ni yóò dùbúlẹ̀ sí gẹ́gẹ́ bí òkú títí ìdánrawò yóò fi parí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ka òun náà mọ́ àwọn tó fara pa.

Ìpè àkọ́kọ́

Ìpè kan náà ló ń dá ọkọ̀ dúró tó sì ń pa iná, nítorí náà kò gbọdọ̀ gùn ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n há a sórí:

"Kóńtíróòlù, ìjàǹbá, ìjàǹbá, ìjàǹbá. Gáàdì ọkọ̀ kẹrin ló ń pè. A wà láàrin Suru-Alaba àti Mile 2, lójú irin tó ń lọ sí Mile 2. Kóòṣì kejì ti yẹ̀, ó dí ojú irin kejì. Ẹ dá gbogbo ọkọ̀ dúró. Ẹ pa iná lójú irin méjèèjì. Mo ń retí èsì."

Nígbà ìdánrawò, ọ̀rọ̀ "ìdánrawò" ni yóò ṣáájú, òun náà ni yóò sì kẹ́yìn gbogbo ìpè. Ẹ tún yan ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀, "òótọ́ ni" fún àpẹẹrẹ, fún ìgbà tí ẹnì kan bá fara pa ní tòótọ́ lórí pápá. Bí a bá ti pè é, gbogbo nǹkan á dúró.

Ohun tó máa ń ba ìpè jẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í tán bọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ á tẹ bọ́tìnnì wọkí-tọkí, á sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ á gé orúkọ ibi tó wà. Kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó ka ení, kí ó tó sọ̀rọ̀. Àṣà ilé wa tún máa ń mú kí ó kọ́kọ́ kí ọ̀gá rẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ sà, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbí o." Ìṣẹ́jú àáyá 10 ti lọ, kò sì tíì sí ẹni tó mọ ibi tó ń jẹ́ "níbí." Ẹ sọ fún wọn kedere pé kò sí àfojúdi nínú ìpè ìjàǹbá: ọmọ ọdún 22 lè sọ fún ọ̀gá tó tó bí i lọ́mọ pé "ẹ pa iná" láìkí i.

Ìpè kejì yóò tẹ̀ lé e bí ó bá ti rìn láti ìpẹ̀kun ọkọ̀ kan dé èkejì. Níbẹ̀ ni yóò ti sọ iye ènìyàn tó fara pa, bóyá iná tàbí èéfín wà, ẹnu ọ̀nà tí áńbúláǹsì lè gbà wọlé, àti irú ìrànwọ́ tí wọ́n nílò. Bí wọkí-tọkí bá kú, 112 àti 767 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tó bá ń pe nọ́ńbà wọ̀nyí gbọ́dọ̀ lo orúkọ títì, bọ́sítọ́ọ̀bù àti ilé epo, nítorí òpó tí a kọ kìlómítà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin kò yé awakọ̀ áńbúláǹsì.

Dídá ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró

Ẹ ṣírò rẹ̀ lójú wọn. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń gba bíi mítà 28 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí bíréèkì rẹ̀ bá ń dín eré náà kù ní mítà 0.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò tó mítà 550 kó tó dúró, láìka àkókò tí awakọ̀ fi rí nǹkan tó sì tẹ bíréèkì. Ẹ kó wọn jáde sí ojú ọ̀nà, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn rin mítà 550 náà, kí wọ́n sì wẹ̀yìn. Ẹni tó dúró sí mítà 50 tó ń ju aṣọ pupa ń ṣe lásán.

Nítorí náà, kóńtíróòlù ni a ń kọ́kọ́ pè. Lójú irin tí ọkọ̀ dísù ń gbà, tí kò sí irin kẹta, ẹni kejì yóò tún sáré pàdé ọkọ̀ tó lè máa bọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, kì í ṣe láàrin rẹ̀, pẹ̀lú àsíá pupa ní ọ̀sán tàbí iná pupa ní òru. Bí kò bá ní ìkankan, kí ó na ọwọ́ méjèèjì sókè tààrà: gbogbo awakọ̀ rélùwéè mọ̀ pé "dúró" ni. Bí ó ṣe yẹ kó jìnnà tó wà nínú ìwé òfin ilé iṣẹ́ tó ni ojú irin. Ìyẹn ni kí ẹ fi kọ́ wọn.

Ibi tí títì ti gba orí ojú irin kọjá nílò ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pàdé ní PWD, Shogunle, ènìyàn sì kú. Bí mọ́tò bá kú sórí irin, ẹ má ti mọ́tò. Ẹ kó ènìyàn inú rẹ̀ jáde, ẹ pe kóńtíróòlù, kí gbogbo wọn sì sá kúrò lójú irin, kí wọ́n kọjú sí apá ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ ní ìdagun. Ó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá gbá mọ́tò, iwájú ni àfọ́kù ń fò lọ. Ẹni tó bá bá ọkọ̀ sá síwájú ń sá pàdé wọn ni.

Kíkó èrò jáde

Inú kóòṣì ni ààbò wà jù, àfi bí iná tàbí èéfín bá wà. Bí ọkọ̀ tó ń jó bá ṣì lè rìn, kí ó dé ibùdókọ̀ tó kàn sàn ju kí ó dúró lórí afárá ọ̀sà, níbi tí kò sí ibi tí èrò máa bọ́ sí. Kí wọ́n kó èrò kúrò ní kóòṣì tó ń jó lọ sí èkejì, kí wọ́n sì pa ilẹ̀kùn àárín dé. Èéfín máa ń gòkè, nítorí náà kí ènìyàn tẹ̀ wálẹ̀ rìn. Sílíńdà ìpaná oníyẹ̀fun kìlógíráàmù 6 kì í pẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ: fa pín-ìnnì, kọjú ẹnu rẹ̀ sí ìdí iná, tẹ̀ ẹ́, gbá a láti ọ̀tún sí òsì. Bí iná kò bá kú lẹ́yìn ọ̀kan, òṣìṣẹ́ ti ṣe tirẹ̀, kí ó máa kó èrò lọ.

Ohun tó lè pa èrò ni kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọn kò bá gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ láàrin ìṣẹ́jú kan tí ọkọ̀ dúró, kí ó sì máa tún un sọ ní gbogbo ìṣẹ́jú méjì, kódà bí kò bá sí ìròyìn tuntun. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, Yorùbá nìkan kò tó. Èdè Ògù, píjìn àti Faransé fún àwọn tó ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀ pọn dandan. Gbólóhùn kúkúrú ni: "Ẹ jókòó. Iná wà lára irin. Ẹ má ṣílẹ̀kùn. A ti pe ìrànwọ́." Ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè kọ̀ọ̀kan láàrin akẹ́kọ̀ọ́, kí ó kọ́ àwọn yòókù títí ohùn wọn yóò fi já geere.

Bí kóńtíróòlù bá ti ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni, ní ẹ̀gbẹ́ tí kò kọjú sí ojú irin kejì. Òṣìṣẹ́ kan ní iwájú, ọ̀kan ní ẹnu ilẹ̀kùn, ọ̀kan ní ẹ̀yìn pátápátá. Ẹnu ilẹ̀kùn ni a ti ń ka ènìyàn; ibi àpéjọ ni a ti ń kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, kí iye méjèèjì bára mu. Ẹrù yóò dúró. Ìyá ẹlẹ́ja yóò jà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ sì fẹ́ kó rí. Ariwo kì í mú un sọ̀. Ẹ kọ́ òṣìṣẹ́ láti bẹ̀rẹ̀ kó wo ojú wọn, kó ní, "Ìyá mi, mo ti mọ ibi tí ẹrù yín wà. Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín." Kí ó di ọwọ́ mú, kí ó máa lọ.

Ta ni a ó kọ́kọ́ tọ́jú

Àjákù aṣọ aláwọ̀ mẹ́rin láti ọ̀dọ̀ aránṣọ ló tó fún èyí, kí a so ọ̀kan mọ́ ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan: pupa ni ẹni tí a ó kọ́kọ́ tọ́jú, yẹ́lò ló tẹ̀ lé e, àwọ̀ ewé lè dúró, dúdú ni ẹni tí kò mí mọ́. Ìṣẹ́jú kan ló pọ̀ jù fún ẹnì kan. Kọ́kọ́ pariwo pé: "Ẹni tó bá lè rìn, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi." Gbogbo ẹni tó bá wá, àwọ̀ ewé. Lọ bá àwọn yòókù bí wọ́n ṣe tò. Bí ẹnì kan kò bá mí, gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè kí ọ̀nà ọ̀fun ṣí: bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí, pupa; bí kò bá mí síbẹ̀, dúdú, kí o kọjá. Bí ó bá ń mí, kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Bí ó bá pé ìgbà 8, ó ti ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan, pupa ni. Lẹ́yìn náà, fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Bí o kò bá rí ìlù ẹ̀jẹ̀, pupa. Ní kí ó fún ọ lọ́wọ́ pọ̀; bí kò bá gbọ́, pupa. Ẹni tó bá kù, yẹ́lò.

Láàrin èyí, ẹ̀jẹ̀ tó ń ya nìkan ni a ń dúró dì. Fi aṣọ tẹ ojú ọgbẹ́ gidigidi. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ ni, tí kò sì dá, fi aṣọ tó fẹ̀ àti igi fún un, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 lókè ọgbẹ́, kì í ṣe lórí oríkèé. Fún un títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dúró, kọ aago sí iwájú orí rẹ̀, má tú u. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kò dára, ó ń gé ẹran ara. Ẹni tí iná jó, omi tútù tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20. Kò sí epo pupa, kò sí ẹyin, kò sí ọṣẹ ìfọyín. Ẹni tó há sábẹ́ ọkọ̀, ẹ má sún ọkọ̀, ẹ má fi jáàkì gbé e. Ẹnì kan jókòó tì í, kó máa bá a sọ̀rọ̀ títí panápaná yóò fi dé.

Àwọ̀ dúdú máa ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ẹlẹ́kún, wọ́n á sì fẹ́ dúró tẹ àyà ẹni náà. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá wà nílẹ̀, tí iná sì ti kú, títẹ àyà ló tọ́: ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kó wọlé sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 30, kí a sì fún un ní èémí 2. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn 15 bá wà nílẹ̀ tí òṣìṣẹ́ jẹ́ 3, ẹni tó dúró ti òkú ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tán.

Lẹ́yìn ìdánrawò

Lójú ẹsẹ̀, lórí pápá, kí wọ́n tó fọ tòmátò kúrò lára, ẹ kó wọn jókòó. Àwọn tó ṣe èrò ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ló mọ ẹni tó rékọjá wọn láìwo ojú wọn. Lẹ́yìn náà, ẹni tó di aago mú yóò ka aago mẹ́ta jáde: ìgbà tí ìpè àkọ́kọ́ jáde, ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí i pé iná ti kú, ìgbà tí aṣọ kan ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé kan náà ní gbogbo ìgbà. Ìpè tó pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó jáde, ìpè nìkan ni kí ẹ tún ṣe lọ́jọ́ náà, ní ìgbà márùn-ún, lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ìdánrawò tó kàn jẹ́ ní òru, èyí tó tẹ̀ lé e nínú òjò oṣù kẹfà, kí ẹ sì yọ gáàdì kúrò láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ lè rí bóyá ẹni tó ń gbálẹ̀ mọ bí a ṣe ń pe kóńtíróòlù.